Omi Tí Ẹ Fi Ń Gbé Oògùn Mì

Ìyé mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti mú ìwé Ọ̀gá. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ọjọ́rú tó kọjá ni wọ́n dìbò sí i. Àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju àwa tí kò fẹ́ ẹ lọ, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta yóò máa lò fún ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn. Ẹ wà nínú ìwé náà. Wọn kò dárúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ẹ kọ oògùn, ẹ yan omi àdúrà, ẹ sì kú.

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ kí ni kó tó rojọ́. Ẹ kú àtijọ́, Ìyé. Ilé wa ní Odode ṣì dúró. Mo ti tún páànù ẹ̀yìnkùlé ṣe, omi òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti ara àpáta kò wọ yàrá yín mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà níbi tí ẹ fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì máa ń fi epo sí i bí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn sùtánà tí ẹ kò tíì parí ti dé ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n. Bọ́tìnnì nìkan ló kù lára wọn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló bá wa gán an. Kò gún tó tiyín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ tò fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti ń rí mi lára láti ọjọ́ tí mo ti ka ojú ewé yẹn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé kí n fi sílẹ̀, pé ẹ ti lọ sinmi.

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ gan-an, mo sì dáhùn lọ́nà tí kò yé yín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Àwọn nǹkan kan wà tí a lè wọ̀n: gíga ọmọ, ìwúwo àpò kòkó, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ru tó. Àwọn mìíràn wà tí a kò lè wọ̀n, tó jẹ́ pé ṣe la kàn ń pín wọn sí ìsọ̀rí: ó ti ṣègbéyàwó tàbí kò tíì ṣe, oko tirẹ̀ ló ń dá tàbí ó ń bá olóko ṣe é, ó lo oògùn tàbí kò lò ó. A ó ka àwọn tó wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, a ó tò wọ́n sínú àtẹ tó ní ìlà àti yàrá, a ó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀kan ń bá èkejì rìn. Ohun tí mo ń kọ́ wọn nìyẹn. Èèyàn lè fi ṣe rere púpọ̀. Èèyàn sì lè fi ba ti ẹlòmíràn jẹ́ láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ lọ sókè.

Ìwé tí a ti ń lò ti gbó, àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń júwe kò sí mọ́. Olórí ẹ̀ka wa, obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì, ní kí n wá ìwé mìíràn, kí n kà á, kí n sì wá sọ fún ìpàdé èyí tó yẹ. Mẹ́ta ló dé ọwọ́ mi.

Ìkíní tóbi bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Òyìnbó ló kọ ọ́. Mo wá àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá: ta ló de bẹ́líìtì nínú mọ́tò, ta ló ń mu irú ọtí wo, ta ló fẹ́ràn ajá ju ológbò lọ. Ó tún le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa á ka ojú ewé díẹ̀, wọn á sùn lé e lórí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ara mi, mo sì ṣì ń kà á.

Ìkejì fẹ́lẹ́. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìlú mìíràn ló kọ ọ́. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àwọn ojú ewé kan ṣú, àwọn kan funfun bí ẹni pé yíǹkì tán. Kò sí ìdáhùn lẹ́yìn fún àwọn ìbéèrè inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kìíní rẹ̀ kò fẹnu kan ìṣirò rárá. Bí a ṣe ń kọ́ yàrá kí a tó kó èèyàn sínú rẹ̀ ló ń sọ. Ó béèrè pé, bí ẹnì kan bá dúró nínú ìsọ̀rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Bí ẹni tí a ń bi léèrè bá ń tijú ẹni tó jókòó tì í ńkọ́? Bó bá dáhùn nítorí àánú, kí ẹni tó ń béèrè lè tètè lọ sílé ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, mi ò rí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ìkẹta ni ti Ọ̀gá. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, òun ni ẹ máa ń pè ní Bàbá Onígíláàsì nítorí gíláàsì tó máa ń so rọ̀ sí àyà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ìwé rẹ̀: ó dára. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ̀ bóyá nǹkan méjì tan mọ́ra bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ orúkọ wa. Kòkó wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, ọmọ tó ń wá ìwọlé sí yunifásítì wà níbẹ̀. Ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wà lẹ́yìn. Mo ti ka ìlàjì rẹ̀, mo ti ń kọ ohun tí n óò fi yìn ín níwájú ìpàdé, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín ni mo jókòó sí. Àtẹ kan ló wà lójú ewé yẹn, nípa àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Ìlà kan jẹ́ ti àwọn tó lo oògùn, ìlà kejì jẹ́ ti àwọn tó lo omi àdúrà. Yàrá kan jẹ́ ti àwọn tó kú, èkejì ti àwọn tó wà láàyè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè wà. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́, mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín báyìí: ìyá kan tó jẹ́ opó, tó ń rán aṣọ ìjọ ní ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ni ní ìṣirò, yan omi àdúrà dípò oògùn, kò sì pẹ́ tó fi kú, nínú yàrá wo ni o máa fi í sí?

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ìdáhùn wà níbẹ̀. Ìlà kejì, yàrá kìíní.

Mo pa ìwé dé, mo lọ fọ ọwọ́ mi. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi kò dọ̀tí.

Ìyé, ẹ rántí ọjọ́ tí Dúpẹ́ wá? Ẹ máa ń pè é ní ọmọ oníbàtà funfun. Ọ̀sán gangan ni, àpáta ti gbóná débi pé ooru rẹ̀ ń bá wa lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ ń ṣẹ́ etí sùtánà, òwú wà lẹ́nu yín. Ó wọlé, ẹrẹ̀ pupa ti ba bàtà rẹ̀ jẹ́, ó gbé fóònù fífẹ̀ kan dání. Nígbà tó rí mi, ojú tì í, torí mo ti kọ́ ọ rí. Ó ní Ọ̀gá ló rán àwọn, pé àwọn ń bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ yọ òwú lẹ́nu, ẹ ní kó jókòó. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì.

“Màmá, kí lẹ ń lò sí i?”

“Oògùn tí wọ́n fún mi ní ọsibítù, àti omi àdúrà.”

“Ọ̀kan ni kí ẹ mú, mà.”

“Ọ̀kan kẹ̀? Omi yẹn náà ni mo fi ń gbé oògùn mì.”

“Ẹ̀rọ yìí kò gba méjì, mà. Bí mo bá tẹ èkejì, àkọ́kọ́ á pa rẹ́.”

“Ẹn-ẹ́n. Ṣé kí n wá máa fi itọ́ gbé e mì nítorí ẹ̀rọ ni?”

Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ní kí n lọ bu omi fún un, pé oòrùn ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì ní kí n bu ti inú ìkòkò, kí n má bu ti inú fíríìjì, torí òógùn ṣì wà lára rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo fi padà, ọ̀rọ̀ oògùn ti tán, apá sùtánà ni ẹ̀ ń bá a sọ, ẹ̀ ń fi hàn án bí a ṣe ń jẹ́ kó gùn kó má baà fà sókè bí èèyàn bá nawọ́ gbàdúrà. Ohun tí ẹ sọ fún un láàárín ìgbà tí mo wọlé àti ìgbà tí mo jáde, mi ò gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo lè jẹ́rìí sí. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, ẹ máa ń yọ oògùn kúrò nínú agolo pàúdà yẹn, ẹ ó gbé e lé orí ìdérí ìgò, ẹ ó fi ìka kan tì í síhìn-ín tì í sọ́hùn-ún bí ẹni ń wo bọ́tìnnì tó máa bá aṣọ mu. Ẹ ó bu omi àdúrà lé e, ẹ ó gbé e mì, ẹ ó ní, “Ó parí.” Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já òwú. Wòlíì kò bá yín jà lórí oògùn, àní ẹ máa ń kó o lọ fún un kó gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìjọ kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ kì í sì í mú agolo yẹn jáde níwájú wọn. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ba ìgbàgbọ́ yín jẹ́, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́. Oògùn yẹn ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Síbẹ̀, rọpárọsẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì mú yín lọ. Oògùn a máa dín ewu kù. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ni náà nìyẹn.

Nígbà tí ẹ lọ, Ọ̀gá wá kí wa. Láti Àkúrẹ́ ni ó ti wá, nínú òjò. Orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín ni ó jókòó, a fún un ní ìrẹsì, ó jẹ ẹ́. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Ó bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì rò pé ẹni tó lè fara balẹ̀ bá àwọn àgbà obìnrin sọ̀rọ̀ báyẹn nínú ọ̀fọ̀, èèyàn gidi ni. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lára ohun tó ń rí mi lára jù báyìí.

Mo mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mi ò pariwo. Ẹ mọ̀ pé mi kì í pariwo.

“Ọ̀gá, ojú ewé yìí, ìyá mi ni.”

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

“Opó tó ń rán aṣọ ìjọ lẹ́sẹ̀ òkè, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò. Ẹlòmíràn wo ló wà?”

“Ṣé o mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í rántí ‘ẹnì kan’? Ìtàn ni wọ́n ń rántí. Màmá ti di ẹni tí wọn kò ní gbàgbé. Ó yẹ kí inú ẹ dùn.”

“Ó ń lo oògùn, sà.”

“Dátà sọ pé kò lò ó.”

“Ẹ̀rọ yín ni kò gba méjì.”

“Àwọn ìyá ìjọ sọ bẹ́ẹ̀ náà fún mi, nígbà tí mo wá kí yín. Wọ́n ní omi nìkan ni màmá gbẹ́kẹ̀ lé títí dọ́jọ́ ikú. Mo bi wọ́n dáadáa.”

Ìyé, “Mo bi wọ́n dáadáa.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè ló ń bi nígbà tí mo rò pé ó ń bá wa kẹ́dùn. Ìrẹsì wa wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń wá ìsọ̀rí tí òkú wa máa wọ̀. Àwọn ìyá yẹn sì ń yìn yín ni. Ohun tí a máa ń sọ nípa olóògbé láti fi dá a lọ́lá ni wọ́n sọ, Ọ̀gá sì mú un bí ẹ̀rí. Mo di etí tábìlì rẹ̀ mú.

Ó rí i pé ojú mi yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìwọ náà rò ó bí onímọ̀. O kò lè ṣe ọmọ olóògbé kí o tún ṣe ẹlẹ́rìí.”

“Ọ̀gá, ta ló wá lè ṣe é? Àwọn tí kò sí nílé nígbà tó ń lo oògùn?”

Ó wọ gíláàsì, ó ní òun ní kíláàsì.

Ní ìpàdé, mo sọ̀rọ̀ lórí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo yin èyí tó yẹ kí n yìn nínú ti Ọ̀gá, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní ìwé fẹ́lẹ́ ni mo fẹ́. Mo ní ọmọ tó bá mọ ìṣirò àtẹ láìmọ bí yàrá ṣe ń dé inú rẹ̀ yóò kàn máa fi ìṣirò tó tọ́ parọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kékeré, ọmọkùnrin tó gbọ́n tí mo sì fẹ́ràn, nawọ́ sókè.

“Àǹtí, èyí tí ẹ fẹ́ yìí kò ní ìdáhùn lẹ́yìn. Ti Ọ̀gá ní.”

“Mo mọ̀ pé ó ní. Ìyá mi wà níbẹ̀.”

Ọ̀gá ń wo fèrèsé. Ọmọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó tún sọ pé ojú ewé kan ṣoṣo nìyẹn, odindi ìwé la fẹ́ mú. Òtítọ́ ni, ojú ewé kan ni. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú àmù, ṣé wọ́n á ní kí n mu ìyókù?

Wọ́n dìbò. Mo ti sọ bó ṣe parí fún yín. Ọ̀gá kò dìbò, ó ní kò yẹ kí òun dá sí i, gbogbo wọn sì yìn ín fún ìyẹn.

Ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí? Èmi ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà. Èmi ni n óò máa ka ìbéèrè yẹn sókè ní kíláàsì. Wọn á kọ ìdáhùn, ìlà kejì, yàrá kìíní, èmi ni n óò fi báírò pupa kọ ọ́ pé wọ́n gbà á. Ọmọ tó bá fi yín sí ìlà kìíní, níbi tí ẹ wà, èmi ni n óò fún ní òdo. Lọ́dọọdún.

Ẹ̀yìn ìpàdé ni olórí ẹ̀ka pè mí. Ó ní ìwé ti wọlé, òun kò lè yí ìdìbò padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀wé kò tíì tẹ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí ọmọ tí Ọ̀gá rán wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá bá lè sọ ọ́, kó kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, pé méjèèjì ni màmá sọ, tó sì jẹ́ òun ló mú ọ̀kan nítorí ẹ̀rọ, ojú ewé náà á jáde, òun á sì bá Ọ̀gá sọ ọ́ fúnra òun. Bó bá sì jẹ́ màmá fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀kan, a jẹ́ pé ìdáhùn màmá nìyẹn, yóò sì dúró. Mo ní ó dára. Ó tọ́ lójú òfin. Mi ò lè sọ pé kò tọ́.

Lánàá ni mo lọ sí Atosin. Dúpẹ́ ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, ó máa ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò ní ọjọ́ Sátidé náà, ó ti lọ́kọ. Wọ́n sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré wọn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, mi ò sì tíì sọ ohun tí mo wá ṣe tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Itọ́! Màmá oní-itọ́! Mà, mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi àìmọye ìgbà.”

Ó rántí yín. Ó rántí ìkòkò omi, ó rántí apá sùtánà. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó fún òun ní nǹkan mu lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ojú ewé hàn án, mo sì sọ ohun tí olórí ẹ̀ka ní kó kọ fún un. Ó kà á, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo wá bi í: lẹ́yìn tí mo wọlé lọ bu omi, ta ló mú ọ̀kan, ṣé màmá ni àbí ìwọ?

Ó wo bàtà rẹ̀. Dúdú ni ó wọ̀ lánàá.

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa, mà.”

Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń wá ìwọlé fún oyè kejì, Ọ̀gá ló sì máa kọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò fi pa mọ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Mi ò tì í. Ẹ̀yin náà kò ní tì í. Ó sìn mí dé ibi tí ọ̀kadà wà. Bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń gbé kiri láti àná.

“Màmá ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mà.”

Ọ̀kadà ti ń lọ. Mi ò rí i bi. Ṣé omi tí ẹ ní kí n bù fún un ni ìrànlọ́wọ́ náà? Àbí ẹ rí bí ó ṣe ń làágùn, bí ó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ kò gbà, ẹ wá ní kó tẹ omi, kó fi oògùn sílẹ̀, kó lè máa lọ sílé? Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń fún oníbàárà ní aṣọ kí ẹ tó gba tiyín nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ohun tó jọ yín ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àánú ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ fi wọ yàrá yẹn, Ọ̀gá á sì sọ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, ìwé á sì gbè é.

Ìyé, kí lẹ sọ fún un nígbà tí mo lọ bu omi? Ṣé ẹ tiẹ̀ rántí? Ṣé ẹ ó bínú bí ẹ bá rí ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yín ṣe, àbí ẹ ó kàn tún òwú fi sẹ́nu, kí ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa lọ? Ẹ dákun, ẹ má sọ pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ni òní. Mo ti ti ìjọ dé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agolo pàúdà yín wà níwájú mi, oògùn tó ṣẹ́ kù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá á ní kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹnikẹ́ni lè fi oògùn sínú agolo. Kò parọ́. Ìwé fẹ́lẹ́ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, orí kìíní rẹ̀ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé tí wọ́n mú.

Olórí ẹ̀ka ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní Dúpẹ́ ti pe òun, pé ó ti kọ ohun tó rántí, yóò mú un wá lọ́la. Mo bi í pé kí ni ọmọ náà ní màmá sọ. Ó ní Dúpẹ́ kò sọ ọ́ lórí fóònù. Àwọn tó ń tẹ̀wé ti ní àwọn kò ní tíì tẹ ojú ewé yẹn títí ìwé Dúpẹ́ yóò fi dé.

Èmi ni, tí ẹ máa ń pè wá fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú,

Ọmọ yín.